Ọjọ́ kan ní Agra pẹ̀lú màmá tó ń fi ọ̀pá rìn: ṣé kí a gba amọ̀nà tiwa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ní ìparí oṣù kọkànlá, mò ń mú màmá mi lọ sí Delhi fún àyẹ̀wò orúnkún wọn. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ọjọ́ díẹ̀ yóò wà láàárín ìgbà tí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò àti ìgbà tí dókítà máa fún wa lésì, màmá sì ti ní àwọn ò ní padà sí Ìbàdàn láìrí Taj Mahal. Alhaja ni wọ́n, wọ́n sì mọ kéwú dáadáa. Ilé iṣẹ́ kan ní àwọn lè fún wa ní mọ́tò àti amọ̀nà tiwa nìkan fún odindi ọjọ́ kan, kí a rí Taj, Fọ́ọ̀tì Agra, Fatehpur Sikri àti ibòmíràn, kí a sì padà wá sùn ní Delhi. Owó náà kò kéré. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀, àbí kí a kàn wọ ọkọ̀ ojú irin lọ fúnra wa?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra àjò, ẹ sì kú ìtọ́jú màmá. Ọlọ́run á jẹ́ kí orúnkún wọn san.

Ẹ gba mọ́tò àti amọ̀nà tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n yọ Fatehpur Sikri kúrò nínú ètò náà, kí wọ́n fi ibojì kan tí wọ́n ń pè ní Itimad-ud-Daulah rọ́pò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn láti fi ibi olókìkí sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti rin irú ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Fatehpur Sikri jìnnà sí Agra tó nǹkan bíi kìlómítà 37, àtẹ̀gùn tó ga fíofío ló sì wà níwájú Buland Darwaza, ẹnubodè ńlá tí Ọba Akbar kọ́ síbẹ̀. Akbar bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú náà ní 1571, nígbà tó sì di nǹkan bí 1585, ààfin ti kó kúrò níbẹ̀. Ó yẹ ní wíwò gidigidi, ẹni tó bá sì fẹ́ wò ó, kó yà á sí ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ètò tó bá ti kó ibi mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú ọjọ́ kan ṣoṣo, inú mọ́tò ni ẹ máa pẹ́ sí jù, màmá ò sì ní rántí ju oòrùn àti àtẹ̀gùn lọ.

Taj, Fọ́ọ̀tì Agra àti Itimad-ud-Daulah tó. Ẹbí kan náà ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹni tó bá sì mọ ìtàn ẹbí yẹn máa rí ohun tí ẹni tó kàn wá ya fọ́tò ò lè rí. Ìtàn yìí gan-an ni ẹ ń san owó amọ̀nà fún, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n to ìdílé náà fún yín kí ẹ tó débẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Mirza Ghiyas Beg. Láti Páṣíà ló ti wá, ó sì rí iṣẹ́ ní ààfin Akbar. Nígbà tí Jahangir ọmọ Akbar jọba, Mirza yìí di ìjòyè pàtàkì, Itimad-ud-Daulah sì ni oyè tí wọ́n fi í jẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nur Jahan, fẹ́ Jahangir ní 1611. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Asaf Khan, ló bí Arjumand Banu, ọmọbìnrin tó fẹ́ Shah Jahan ọmọ Jahangir ní 1612, òun náà sì ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Mumtaz Mahal. Bàbá bàbá Mumtaz ló wà nínú sàréè Itimad-ud-Daulah, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Nur Jahan, àbúrò bàbá Mumtaz, ló kọ́ ọ fún àwọn òbí tirẹ̀ láàárín 1622 sí 1628.

Ṣáájú ibojì yẹn, òkúta pupa ló pọ̀ jù lára àwọn ibojì ńlá tí àwọn Mughal, ìdílé ọba tí Akbar àti Jahangir ti wá, kọ́. Nur Jahan ní kí wọ́n fi mábù funfun bo ti àwọn òbí rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àwọn oníṣọ̀nà gbẹ́ ojú mábù náà, wọ́n wá gé òkúta aláràbarà tín-ín-rín, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ibi tí wọ́n gbẹ́, títí ó fi di òdòdó, igi àti ìgò omi. Ní 1631, Mumtaz kú ní Burhanpur, ọ̀nà jíjìn sí ìhà gúúsù, nígbà tó ń bí ọmọ rẹ̀ kẹrìnlá. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Agra, Shah Jahan ọkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ Taj, ibojì tó kọ́ fún un, ní 1632. Iṣẹ́ ọnà tí ẹ máa rí lára Taj, ti bàbá àgbà ló ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ojú kan méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ máa rí i bí ọwọ́ àwọn oníṣọ̀nà ṣe dàgbà láàárín ìwọ̀nba ọdún díẹ̀. Èmi ò mọ ohun mìíràn ní Agra tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Ó wá kan irú amọ̀nà tí ẹ máa gbà. Ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí máa ń ní káàdì ìdánimọ̀ tó ní àwòrán rẹ̀, èyí tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìn àjò afẹ́ fún un. Ẹ ní kó fi hàn yín, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Àwọn tó máa ń sá tẹ̀ lé èèyàn láti ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, ẹ má dá wọn lóhùn, kódà bí wọ́n bá ní ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n káàdì nìkan kò tó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ilé iṣẹ́ náà jẹ́ kí ẹ bá amọ̀nà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́: ṣé òótọ́ ni pé Shah Jahan gé ọwọ́ àwọn tó kọ́ Taj, kí wọ́n má baà kọ́ irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn? Èkejì: ṣé òótọ́ ni pé ó fẹ́ kọ́ Taj dúdú sí òdìkejì odò fún ara rẹ̀?

Amọ̀nà tó mọṣẹ́ máa sọ fún yín pé kò sí àkọsílẹ̀ ìgbà náà kankan tó sọ pé wọ́n gé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ti Taj dúdú, oníṣòwò ará Faransé kan, Tavernier, ló kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn wú ilẹ̀ Mehtab Bagh, ọgbà tó wà ní òdìkejì odò Yamuna, láàárín 1990 sí 2000, wọn ò rí Taj dúdú kankan; adágún omi ńlá kan ni wọ́n rí, èyí tí òjìji Taj máa ń hàn nínú rẹ̀. Bí amọ̀nà bá fi ìdùnnú sọ pé wọ́n gé ọwọ́ wọn lóòótọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn. Ohun tó máa sọ ní gbogbo ọjọ́ yẹn, irú ẹ̀ ni.

Ohun kejì tó máa ń ba irú ọjọ́ yìí jẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn Taj, amọ̀nà lè ní kí ẹ yà síbì kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wo bí àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tó kọ́ Taj ṣe ń ṣe mábù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di wákàtí kan, wọ́n á fún màmá ní tíì, wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ojú á wá máa ti màmá láti dìde láìra nǹkan. Amọ̀nà àti awakọ̀ ní ìpín tiwọn nínú ohunkóhun tí ẹ bá rà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí WhatsApp kí ẹ tó san kọ́bọ̀: "A kò yà sí ṣọ́ọ̀bù kankan." Kí wọ́n dáhùn pé àwọn gbà. N kò sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ náà kò dára o. Àwọn oníṣọ̀nà ṣì wà ní Agra tó ń tẹ òkúta sínú mábù bíi ti àtijọ́, iṣẹ́ wọn sì yẹ lówó. Bí màmá bá fẹ́ ra nǹkan kékeré, ẹ tan iná fóònù yín sẹ́yìn rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ máa ń là mábù gidi kọjá níbi tó bá ti fẹ́lẹ́. Òkúta rírọ̀ tí wọ́n máa ń pè ní mábù, kọ́kọ́rọ́ lásán máa ń ha á.

Nínú ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn kan náà, ẹ bèèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé, owó tó-ò-gétì, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí àti owó amọ̀nà ti wà nínú iye tí wọ́n pè. Tíkẹ́ẹ̀tì Taj fún àjòjì jẹ́ rúpì 1,100, wọ́n sì ń gba rúpì 200 sí i lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ gun òkè lọ sínú ibojì gan-an. Ẹ̀dínwó wà fún àwọn orílẹ̀-èdè kan tó múlé gbe Íńdíà, Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pe iye kan tó kéré jù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n yọ sílẹ̀.

Ọjọ́ wo? Ọjọ́kọ́jọ́ àyàfi Jímọ̀. Wọ́n máa ń ti Taj pa ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ará àdúgbò tó fẹ́ kírun Jímọ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé Alhaja lè ní ó wu àwọn láti kírun Jímọ̀ ní mọ́sáláṣí Taj. Kò ní ṣeé ṣe.

Taj máa ń ṣí ní ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ. Ní ìparí oṣù kọkànlá, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí ẹ bá kúrò ní Delhi ní aago mẹ́ta òru, ẹ máa gba ọ̀nà márosẹ̀ Yamuna, tó gùn tó kìlómítà 165, ẹ sì lè dúró ní ibi ìsinmi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà kí màmá kírun àsùbá. Mo mọ̀ pé aago mẹ́ta le. Ṣùgbọ́n wọ́n lè sùn nínú mọ́tò, kò sì sí ohun tó dà bíi Taj kí èrò tó dé: ó tutù, ó dákẹ́, ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn sì lè dúró síbi tó bá wù ú láìsí ẹni tí yóò tì í. Láti aago mẹ́sàn-án lọ, èrò á ti kún.

Bí dókítà bá wá sún ọjọ́ yín síwájú wọ àárín oṣù kejìlá tàbí oṣù kìíní, ẹ má rìn lóru rárá. Kùrukùru àkókò yẹn máa ń bo ọ̀nà náà débi pé awakọ̀ ò ní rí mọ́tò tó wà níwájú rẹ̀, ìjàǹbá tó ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nítorí rẹ̀ pọ̀. Ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ojú irin dára jù. Gatimaan Express máa ń gbéra ní ibùdókọ̀ Hazrat Nizamuddin ní Delhi lẹ́yìn aago mẹ́jọ àárọ̀, ó sì ń dé Agra láàárín wákàtí méjì. Ó ń padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, òun náà kì í sì ṣiṣẹ́ ní Jímọ̀. Ẹ lè wá gba mọ́tò àti amọ̀nà ní Agra nìkan. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro yín, ọ̀nà yìí náà ló dín in kù jù, kódà ní oṣù kọkànlá. Mi ò ní kí ẹ fi amọ̀nà sílẹ̀ nítorí owó. Mọ́tò láti Delhi ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ní ti orúnkún màmá: mọ́tò kankan kò lè dé ẹnu ọ̀nà Taj, nítorí pé èéfín ń ba mábù jẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà ní Shilpgram lẹ máa dúró sí, ọkọ̀ kékeré oníbátìrì á sì gbé yín dé ẹnubodè ìlà oòrùn. Ẹ ní kí amọ̀nà ti ṣètò àga onítáyà sílẹ̀ ṣáájú. Bí màmá bá ní àwọn ò fẹ́, ẹ gbà á síbẹ̀ náà. Láti ẹnubodè ńlá dé ìdí ibojì, ọgbà kan tó gùn tó mítà 300 ni ẹ máa là kọjá. Ìlà àyẹ̀wò ara ti obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, nítorí náà bí ẹ bá jẹ́ ọmọkùnrin, ẹ ò ní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ sọ fún wọn kí ó má baà bá wọn lójijì. Báàgì kékeré ni kí ẹ mú. Wọn kì í jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Oògùn wọn, ẹ jẹ́ kó wà pẹ̀lú ìwé dókítà.

Àtẹ̀gùn wà láti gun orí pèpéle tí ibojì wà, orúnkún tó ń dùn máa mọ̀ ọ́n lára. Inú ibojì ṣókùnkùn díẹ̀, èrò ń tì èèyàn lọ, wọn kì í gbà kí a ya fọ́tò níbẹ̀. Àwọn pósí mábù tí ẹ máa rí kì í ṣe ibi tí wọ́n sin òkú sí gan-an. Sàréè gidi wà nísàlẹ̀, ìgbà ọdún ìrántí Shah Jahan nìkan ni wọ́n máa ń ṣí i fún gbogbo èèyàn. Ní tèmi, kí màmá má gun òkè. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì 200 yẹn fún wọn. Ẹ̀yin ẹ gòkè lọ wò ó kíákíá, kí amọ̀nà jókòó tì wọ́n nísàlẹ̀, torí ohun tó máa wọ̀ wọ́n lọ́kàn jù ní Taj, ìsàlẹ̀ ló wà.

Ohun náà ni kíkọ tó wà lára rẹ̀. Amanat Khan, ará Shiraz, ló kọ ọ́, mábù dúdú tí wọ́n tẹ̀ sínú funfun ni. Àwọn lẹ́tà òkè tóbi ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kí ojú ẹni tó wà nílẹ̀ lè rí gbogbo rẹ̀ bákan náà. Lára ẹnubodè ńlá, kí ẹ tó wọ ọgbà, Súrátùl-Fájír, súrà kan nínú Kùránì, ló wà níbẹ̀. Alhaja yín á mọ bó ṣe parí: pé kí ẹ̀mí tó ti balẹ̀ padà sọ́dọ̀ Olúwa rẹ̀, kó wọlé sáàárín àwọn ẹrúsìn Rẹ̀, kó sì wọ Àlùjáńnà Rẹ̀. Ẹni tó bá kà á tán, ìṣísẹ̀ tó kàn ni yóò fi wọ inú ọgbà tí wọ́n fi omi pín sí mẹ́rin, tí wọ́n ṣe ní àwòrán ọgbà ìdẹ̀ra. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ẹ bá dé ìdí ibojì, ẹ gbé ojú sókè sí àwọn ẹnu ọ̀nà gíga mẹ́rin tó yí i ká: Yáàsíìnì ló wà lára wọn, Yáàsíìnì tí wọ́n ń kà fún òkú nílé wa náà.

Irú ọwọ́ tí wọ́n fi kọ ọ́ lọ́ mọ́ra wọn, kò rí bí Kùránì tí a ń kà nílé kéwú, màmá lè má tètè dá a mọ̀. Ẹ sọ fún amọ̀nà láti ọjọ́ tó ṣáájú pé kó mọ ibi tí súrà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, kó fi ọwọ́ tọ́ka sí i fún wọn. Ọ̀pọ̀ amọ̀nà máa ń sáré gba ibẹ̀ kọjá lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, torí àwọn tí wọ́n sábà máa ń mú wá kò lè kà á. Lẹ́yìn tí màmá bá ti rí ibi tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fún wọn ní àkókò. Bí ẹ bá kọjú sí ibojì láti inú ọgbà, mọ́sáláṣí wà ní apá òsì yín. Ilé tó jọ ọ́ ní apá ọ̀tún kì í ṣe mọ́sáláṣí, wọ́n kọ́ ọ kí ọ̀tún àti òsì lè bára mu ni.

Fọ́ọ̀tì Agra á tẹ̀ lé e. Akbar ló kọ́ odi pupa náà láàárín 1565 sí 1573, Shah Jahan sì kọ́ àwọn yàrá mábù sínú rẹ̀. Àwọn ológun ṣì ń lo apá kan rẹ̀, ẹ ò lè wọ ibẹ̀. Ọ̀nà tó gun òkè láti ẹnubodè Amar Singh ga díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan ti àga màmá. Ẹ má gbìyànjú láti rí gbogbo rẹ̀. Ẹ kọjá sí etí odò, níbi tí Musamman Burj wà. Ibẹ̀ ni Aurangzeb há Shah Jahan, bàbá tó bí i, mọ́ láti 1658, lẹ́yìn tó ṣẹ́gun àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ogun orí oyè. Jahanara, ọmọbìnrin ọba náà, dúró ti bàbá rẹ̀ títí tó fi kú ní 1666. Taj hàn láti ibẹ̀. Wọ́n gbé Shah Jahan lọ sin sẹ́gbẹ̀ẹ́ Mumtaz. Bí ẹ bá wo àárín ibojì nígbà tí ẹ gòkè, ẹ máa rí i pé ti Mumtaz ló wà láàárín gbọngbọn, ti ọba ni wọ́n kó sí ẹ̀gbẹ́.

Itimad-ud-Daulah ni kó kẹ́yìn, ní òdìkejì odò. Ó kéré, èrò kì í pọ̀ níbẹ̀, màmá lè jókòó sínú ọgbà rẹ̀ kí wọ́n na ẹsẹ̀. Bí ẹ bá kúrò ní Agra ní aago méjì ọ̀sán, ẹ máa wọ Delhi kí ilẹ̀ tó ṣú tán.

Ẹ mú súwẹ́tà fún màmá, òwúrọ̀ Agra ní oṣù yẹn tutù ju bí ará Ìbàdàn ṣe lè rò lọ. Ẹ mú ìbòmú pẹ̀lú, torí èéfín máa ń bo Delhi àti àyíká rẹ̀ lásìkò náà. Kí páásípọ̀ọ̀tù yín wà lọ́wọ́. Kí ẹ tó kúrò nílé pàápàá, ẹ rí i pé ẹ̀yin méjèèjì ti gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn àjò, kí káàdì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ yín. Íńdíà máa ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, wọ́n sì lè sé ẹni tí kò bá ní i mọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Bí dókítà bá ní màmá kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́ nínú mọ́tò, ẹ má fi ipá lọ sí Agra. Ẹ gbé wọn lọ wo ibojì Humayun, bàbá Akbar, ní Delhi gan-an, nítòsí ibùdókọ̀ Nizamuddin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Bega Begum, opó ọba náà, ló kọ́ ọ. Wọ́n parí rẹ̀ ní nǹkan bí 1572, ọgọ́ta ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ Taj, ọgbà tó sì yí i ká ni àwọn tó kọ́ Taj tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n ń ṣe tiwọn. Àtẹ̀gùn pèpéle tirẹ̀ ga gan-an, nítorí náà ìsàlẹ̀ ni kí màmá dúró sí níbẹ̀ náà. Ìdajì ọjọ́ tó fún un, amọ̀nà kan ṣoṣo láti Delhi sì tó yín.